OMI TÓ MỌ́ FÚN ÀLÙWÀLÁ ÀTI OMI TÓ MỌ́ FÚN MÍMU: Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ LÓRÍ KÀNGA

KHUTUBAH KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmà, tí Ó sì fi ń jí ilẹ̀ tí ó ti kú. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrúsìn Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Ẹni tí ó bá páyà Rẹ̀ ti rí oúnjẹ ọ̀nà tí ó dára jù lọ.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, kí a tó wọ inú mọ́sálásí yìí lónìí, omi ni a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí a bá jáde, omi ni a ó kọ́kọ́ bèèrè. Ọlọ́hun fi yé wa nínú Súrà Al-Anbiyā, āyah 30, pé láti ara omi ni Òun ti dá gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí. Nínú Súrà Al-Wāqi'ah, Ó rán wa létí pé Òun ni Ó ń sọ omi tí à ń mu kalẹ̀ láti inú ẹ̀ṣújò, àti pé bí Ó bá fẹ́, Ó lè sọ ọ́ di kíkorò mọ́ wa lẹ́nu. Súrà Al-Mulk sì parí pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ó yẹ kí ó máa bà wá lẹ́rù: bí omi wa bá rì wọ inú ilẹ̀ lọ, ta ni yóò mú omíràn tí ń ṣàn wá fún wa?

Ẹ wo ìlú Èkó tí à ń gbé yìí. Òkun wà níwájú wa, ọ̀sà yí wa ká, òjò kò sì ṣọ̀wọ́n fún wa. Síbẹ̀ mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke tí ó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi kiri àdúgbò, àwọn ọmọ wa sì ń ru korobá kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ọdún 1910 ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjú ti wà, ti Àdìyàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1991. Inú odò ni wọ́n ti ń fa omi. Wọn a fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀, wọn a sẹ́ ẹ gba inú yanrìn kọjá, wọn a sì fi kilorínì pa kòkòrò àrùn tí ó bá ṣẹ́kù. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìlú ti tóbi kọjá ohun tí páìpù wọ̀nyẹn lè gbé. Níbi tí páìpù dé gan-an, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì dákẹ́, agbára tí ń ti omi lọ yóò rọlẹ̀. Bí páìpù bá sì ti lu nínú gọ́tà, omi ẹ̀gbin inú gọ́tà ni yóò gba ojú ihò náà wọlé. Ìdí nìyí tí onílé kọ̀ọ̀kan fi sọ ara rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ omi: kànga ní ilé yìí, bóhòlù ní ilé kejì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì yọjú ní Èkó. Erékùṣù Èkó, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Kosọ́fẹ́ àti Ìkòròdú wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ mú ènìyàn, ẹ̀mí sì bá a lọ. Kì í ṣe ọdún yẹn nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní padà wá. Ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà wọ ara kò fara sin: ìgbẹ́ ẹni tí ó ní i ni ó wọ inú omi tàbí oúnjẹ, tí ẹlòmíràn sì mu ún tàbí jẹ ẹ́. Bákan náà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún omi, òṣùwọ̀n tí a kọ́ ní ilé kéwú. A kọ́ pé kí á wo àwọ̀ rẹ̀, kí á gbọ́ òórùn rẹ̀, kí á tọ́ ọ wò. Bí ohun ẹ̀gbin kò bá yí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, omi náà mọ́, a lè fi ṣe àlùwàlá. Òtítọ́ ni, ìlànà Imāmu Mālik tí àwọn bàbá wa tẹ̀lé sì ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ìjọsìn nìyẹn. Kòkòrò àrùn onígbáméjì kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì mọ̀ ọ́n. Omi lè mọ́ gaara bí ojú ọ̀run, kí ìrun tí a fi kí jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, kí ife kan nínú rẹ̀ sì gbé ọmọ dè ní ibùsùn.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí wọ́n bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè nípa kànga Budā'ah ní Mọ̀dínà, èyí tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, tí ó sì dá wọn lóhùn pé omi náà mọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, hádíìsì náà wà nínú ìwé Abū Dāwūd àti ti Tirmidhī. Ṣùgbọ́n orí ìmọ́tótó fún àlùwàlá ni àwọn onímọ̀ wa gbé e kà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kan náà ni ó kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Òun náà ni ó pàṣẹ pé kí á máa bo ohun èlò wa lóru, kí á sì máa di ẹnu àpò omi. Òun náà ni ó kọ̀ fún ẹni tí ń mu omi láti mí sínú ife. Ẹni tí ó kọ́ wa báyìí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú omi mímu. Ọlọ́hun sì ti kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Baqarah, āyah 195, láti fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nítorí náà, òṣùwọ̀n méjì ni ó tọ́ sí Mùsùlùmí: ti àlùwàlá, kí ìrun rẹ̀ lè dára, àti ti mímu, kí ẹ̀mí tí Ọlọ́hun fi ṣọ́ ọ má baà ṣòfò.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, níbo ni ìdọ̀tí ti ń wọ inú kànga wa? Nígbà púpọ̀, kì í ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Inú ṣáláńgá àti sókàwéè ni, tiwa tàbí ti ẹni tí ó múlé gbè wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dámọ̀ràn ni pé kí àlàfo tó mítà 30 wà láàárín kànga àti ihò ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀ wa wọ̀n ọ́n. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òró. Ìyẹn ni bí mítà 18 sí 36. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì gbẹ́ sókàwéè sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò lè rí 30 láàárín méjèèjì. Bí ó bá fi ọ̀kan sí iwájú pátápátá àti èkejì sí ẹ̀yìn pátápátá, ó lè rí i. Ṣùgbọ́n sókàwéè tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ ti di ìtòsí kànga ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó kọ́lé sórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ńkọ́? Kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá dá.

Ohun tí ìṣirò yìí ń sọ fún wa ni pé kò sí onílé kan ní Èkó tí ó lè dáàbò bo omi rẹ̀ láìjẹ́ pé aládùúgbò rẹ̀ bá a ṣe é. Ilé lè jẹ́ tìrẹ, ìwé ilẹ̀ lè wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ fẹ́ǹsì. Ohun tí o dà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ lè jẹ́ inú ife ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ti jáde.

Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí èyí. Nínú ìwé Ibn Mājah, hádíìsì kan wà tí ó fún ẹni tí ó gbẹ́ kànga ní ogójì ìgbọ̀nwọ́ ilẹ̀ fún ìdùbúlẹ̀ ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkìhì ṣe àlàyé gígùn lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ kànga, èyí tí wọ́n ń pè ní harīm: ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ohun tí yóò fa omi rẹ̀ gbẹ tàbí tí yóò bà á jẹ́ sí ìtòsí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ìlànà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi lélẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ni ẹlòmíràn lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ìnira san ìnira. Bí ó bá jẹ́ pé o kì í sọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ láìdáa, tí o ń fún un ní ẹran Iléyá lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n tí sókàwéè rẹ ń ṣàn sínú kànga rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn onílé kan wà tí wọ́n ń dúró de òjò ńlá. Bí òjò bá ti ń rọ̀ kíkankíkan, wọn a ṣí ihò ìgbẹ́ wọn sínú gọ́tà, kí àgbàrá lè gbé e lọ láìjẹ́ pé wọ́n san owó fún àwọn tí ń kó o. Níbo ni wọ́n rò pé ó ń lọ? Ilé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni, kànga tí kò ní ìdérí ni, páìpù tí ó lu ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa ohun mẹ́ta tí ń fa ègún: kí ènìyàn máa ṣu sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi, sí ojú ọ̀nà, tàbí sí abẹ́ ibòji. Bí ẹnìkan ṣoṣo tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ègún, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó tú ẹ̀gbin ọdún kan sí ojú ọ̀nà àti orísun omi gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ẹni tí ó ń ṣe é jáwọ́ lónìí, kí ó sì ronú pìwàdà.

Kí ẹni tí ó mọ̀ náà má ṣe dákẹ́. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ fi ọgbọ́n àti ọ̀rọ̀ tútù lọ bá a. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ pe àwọn tí ó yí i ká, kí wọ́n jọ fi ẹnu kò lórí apá tí kànga yóò wà àti apá tí sókàwéè yóò wà. Kí kànga ní ríìngì, kí etí rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ó ní ìdérí, kí korobá ìfami rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí a kì í gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nínú ilé, kí olúkúlùkù wẹ omi tí ará ilé rẹ̀ ń mu mọ́. Bí omi bá ṣú, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù ń mú ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tí a fi álọ́ọ̀mù sí kò tíì yẹ fún mímu. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó yaya, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹni tí gáàsì tàbí èédú nira fún lè rọ omi tí ó mọ́ gaara sínú ìgò oníke funfun tí kò ju lítà méjì lọ, kí ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kí ó di ọjọ́ méjì. Ẹni tí yóò lo oògùn apakòkòrò inú omi, kí ó tẹ̀lé ìwọ̀n tí ó wà lára rẹ̀ láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú ohun èlò tí ó ní ìdérí ni kí omi wà, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ lórí àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Onígbáméjì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tètè tọ́jú, púpọ̀ nínú wọn ni í yè, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin náà. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

(Ìjókòó díẹ̀.)

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, a ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ba omi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ díẹ̀ nípa ẹni tí ó ní i.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí lọ sí Mọ̀dínà, omi dídùn ṣọ̀wọ́n fún wọn. Kànga Rūmah ni ó ní omi tí ó dára, ṣùgbọ́n títà ni ẹni tí ó ni ín ń ta á. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe ìlérí Ọgbà Ìdẹ̀ra fún ẹni tí ó bá rà á fún àwọn Mùsùlùmí. 'Uthmān ọmọ 'Affān fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: olówó àti tálákà, ará ìlú àti àlejò. Kò gba ìwọ̀n korobá tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ìyá Sa'd ọmọ 'Ubādah kú, tí Sa'd bèèrè sàráà tí ó lọ́lá jù, omi ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dárúkọ fún un, ó sì gbẹ́ kànga fún ìyá rẹ̀. Zubaydah, aya Hārūn ar-Rashīd, náwó ńlá láti fa omi wọ Mọ́kà fún àwọn alálàájì. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí ó ti kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára omi náà.

Ní ìdàkejì, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ka ẹni tí omi rẹ̀ ṣẹ́kù ní ojú ọ̀nà, tí ó sì fi du arìnrìn-àjò, mọ́ àwọn tí Ọlọ́hun kò ní ṣíjú àánú wò ní ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀yin tí ẹ ní bóhòlù, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí. A kò sọ pé kí ẹ má gba owó epo àti owó àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n kí owó omi má ga sí i nítorí pé páìpù ìjọba dákẹ́. Kí a má sì lé ọmọ tálákà padà pẹ̀lú korobá òfìfo. Ẹ̀yin tí ń ta omi nínú táńkà àti kẹ́ẹ̀gì, ẹ máa fọ inú ohun èlò yín. Ẹni tí ó ta omi ẹlẹ́gbin ní iye omi mímọ́ ti rẹ́ni jẹ, owó náà kò sì lè jẹ́ hàlálì fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí á fi omi ṣòfò nínú ìjọsìn. Mudd kan ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ń ṣe àlùwàlá, ìwọ̀n tí kò tó píọ̀-wọ́tà méjì. Àwa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a tó ká apá aṣọ, à ń bá ara wa sọ̀rọ̀, omi ń lọ. Àlùwàlá ẹnìkan nínú wa lè tó ti ènìyàn mẹ́wàá.

Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí yìí ti pinnu láti gbé omi bóhòlù wa lọ fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀, bí ó dára bí kò dára, ni a ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi àlùwàlá kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Bí ó bá dára, a ó fa ẹ̀rọ kan jáde sí ìta fẹ́ǹsì fún àwọn aládùúgbò. Ìtumọ̀ aládùúgbò kò pin sọ́dọ̀ Mùsùlùmí nìkan. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Súrà An-Nisā, āyah 36, pé kí a ṣe dáadáa sí aládùúgbò tí ó sún mọ́ wa àti èyí tí ó jìnnà. Ẹni tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Bí èsì náà kò bá dára, a ó ti ẹnu rẹ̀ pa fún mímu títí a ó fi tún un ṣe. A sì bẹ ẹ̀yin onílé pé kí ẹ wá lẹ́yìn ìrun Àsírì ní ọjọ́ Àìkú, kí á jọ ya àwòrán àdúgbò wa: kànga nìyí, sókàwéè nìyí. Ẹni tí kò lè wá, kí ó rán ọmọ rẹ̀.

Àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ ìlú sí lọ́wọ́ náà yóò jíhìn, nítorí olùṣọ́ ni olúkúlùkù, a ó sì bi í nípa ohun tí ó ń ṣọ́. Ó tọ́ kí á máa béèrè omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn láìsinmi. Ó sì tọ́ kí àwa náà jáwọ́ nínú dídá páìpù lu àti fífi ẹ̀rọ fa omi jáde nínú páìpù ìjọba. Fífà yẹn ni ó ń fa ẹ̀gbin inú gọ́tà wọlé fún gbogbo òpópónà.

Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Kí àwa náà má ṣe di ọ̀tá omi.

Ọlọ́hun, Ìwọ Ọba tí Ó ń fún ẹranko aṣálẹ̀ mu, fún wa ní omi tí ó mọ́, tí ó tó, tí kò ní ṣe wá ní jàǹbá. Wo gbogbo ẹni tí omi búburú ti dá dùbúlẹ̀ sàn. Kẹ́ àwọn ọmọ tí ó ti lọ, kí O sì fi sùúrù sí ọkàn àwọn òbí wọn. Fi ojú àánú wo àwọn tí ilẹ̀ wọn ti gbẹ. Tún ọ̀rọ̀ wa ṣe, tún ti àwọn aṣáájú wa ṣe. Má ṣe jẹ́ kí á dúró níwájú Rẹ lọ́la pẹ̀lú òǹgbẹ aládùúgbò lọ́rùn wa. Fún wa mu nínú odò Kaothara láti ọwọ́ Ànábì wa, mímu tí òǹgbẹ kò ní gbẹ wá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àmíìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Ọlọ́hun pàṣẹ déédéé àti dáadáa, Ó sì kọ ìwà ìbàjẹ́ àti àbòsí. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ dìde, kí a gbé ìrun dúró.